Garawa Tí Luvsan Ń Gbé Wọlé

Òtútù Mòǹgólíà kì í ṣe òtútù ẹnu lásán. Bí ènìyàn bá tutọ́ níbẹ̀ lóṣù kìíní, itọ́ ọ̀hún á ti di òkúta kó tó kanlẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì gbáko ni Luvsan darandaran fi bá òtútù yìí wọ̀jà nítorí jíìpù Rọ́ṣíà kan ṣoṣo, èyí tó dàgbà ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, á fàyà wọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, á fa ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú garawa onídèrí, á gbé e wọ inú àgọ́, á sì gbé e ti ààrò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Nansal ìyàwó rẹ̀ á fẹ́ iná sí i, Luvsan á sì gbé e padà lọ dà sínú ẹ́ńjìnnì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì á dì gbagidi bí ọ̀rá àgùntàn, ọkọ̀ ò sì ní sítáàtì.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Nígbà tí Tumur ọmọ rẹ̀ gbé ọ́ìlì tuntun dé láti ìlú ńlá, ọ́ìlì tó ń ṣàn bí omi, ńṣe ni Luvsan ń wò ó bí ẹni tó ń wo ibùsùn.

“Bàbá, èyí kì í dì o,” ni Tumur wí. “Ẹ dà á sí i, kẹ́ ẹ lọ sùn. Àbí ọmọ ọwọ́ ni ọ́ìlì ni, tẹ́ ẹ fi ń gbé e wọlé lójoojúmọ́?”

“Ẹ́ńjìnnì yẹn ti gbó. Ọ́ìlì tó ki ló mọ̀,” ni Luvsan fèsì.

“Bàbá Tumur, ẹ jẹ́ ká sinmi lẹ́ẹ̀kan,” ni Nansal wí, ó sì wúkọ́. Ikọ́ náà ti wọ oṣù kejì. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni dókítà tó ń wo àyà ń wá sí ìlú tó sún mọ́ wọn, ọ̀la sì ni. Bí jíìpù ò bá gbé wọn débẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀, Luvsan kò sì mọ̀ bóyá àyà yẹn lè dúró dè é.

Àárẹ̀ ló bá a yàn. Ó fa ti àtijọ́ sínú garawa, ó da ti tuntun sí ẹ́ńjìnnì, ó sùn fọnfọn.

Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yí irin tí wọ́n fi ń sítáàtì ọkọ̀ níwájú, jíìpù bú ramúramù. Inú rẹ̀ dùn dé eyín. Ṣùgbọ́n bí òun àti Nansal ti gun orí òkè, níbi tí àwọn arìnrìnàjò ń to òkúta jọ sí, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbọ̀gbọ̀gbọ̀. Luvsan bojú wẹ̀yìn: ìlà dúdú kan nà gbọọrọ lórí yìnyín. Ọ́ìlì olómi ti rí gbogbo ihò tí ọ́ìlì tó ki kò gbà kọjá.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó doríkodò.

“Mo ti pa ẹ́,” ló wí.

“Ta lẹ ń bá wí, èmi àbí jíìpù?”

“Ẹ̀yin méjèèjì.”

Nansal ká etí aṣọ òtútù rẹ̀ sókè. Garawa wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó fi awọ àgùntàn wé.

“Kí lò ń fi ìyẹn ṣe?”

“Mo jí, mo fẹ́ iná sí i bí mo ti ń ṣe látọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbé mi níyàwó. Ó ti gbóná kí n tó rántí pé òmíràn ló wà nínú ọkọ̀. Mo ní kó kúkú máa mú ẹsẹ̀ mi gbóná. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, ó yá.”

Luvsan kò rẹ́rìn-ín. Ó da ọ́ìlì náà sínú ẹ́ńjìnnì, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó tún sítáàtì ọkọ̀, ariwo ọ̀hún sì rọlẹ̀.

Dókítà ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n dé. Ó gbọ́ àyà Nansal, ó fún un lóògùn, ó ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Oṣù tó ń bọ̀! Ó túmọ̀ sí pé àyà yẹn lè dúró dè é. Luvsan mí kanlẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n yà sílé àbúrò Nansal. Kí Luvsan tó fẹnu kan tíì oníwàrà tí wọ́n bù fún un, ó tún jáde, ó fàyà wọ́ wọ abẹ́ jíìpù, orúnkún ké, ó sì nawọ́ gán garawa.