Náílọ́ọ̀nù Orí Ìjókòó

Ọ̀rẹ́ mi, nínú gbogbo ohun tí ọmọ aráyé fi ń gbéra ga, n kò tíì rí èyí tó lọ́lá tó náílọ́ọ̀nù tí a kọ̀ láti bọ́ kúrò lórí ìjókòó mọ́tò tuntun. Adé ọba ń dọ̀tí, agbádá ń ṣá, ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù a máa dán, a sì máa rùn bí ṣọ́ọ̀bù olówó. Òórùn yẹn ló gba àgbàlá wa ní Emùré-Ilé nírọ̀lẹ́ Fráídè kan tí ẹ̀gbọ́n mi, òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ákùúrẹ́, gbé mọ́tò wálé: tuntun gidi, kì í ṣe tòkúnbọ̀. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí n gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Ó dún pú, bí ìrọ̀rí tó já bọ́. Ó ní ojúlówó nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ló tì í wò, títí ìyá wa fi béèrè bóyá mọ́tò ló rà tàbí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mọ́tò náà kò gbọdọ̀ gbé èèyàn kankan kí àlùfáà tó gbàdúrà sí i lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Òun tó wà á wálé kò ka ara rẹ̀ mọ́ èèyàn.

Lọ́sàn-án Sátidé, ìrọbí mú ìyàwó télọ̀ tó múlé tì wá. Agbẹ̀bí ní ọmọ ń fi ìdí bọ̀, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé ìwòsàn Ọ̀wọ̀ kíákíá. Kò sí ọkọ̀ èrò kankan nílẹ̀. Télọ̀ dúró níwájú ẹ̀gbọ́n mi, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wo obìnrin náà, ó wo mọ́tò, ó ń kùn pé a kò tíì yà á sí mímọ́.

Ìyá wa ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé di ọ̀la ni Ọlọ́run tó máa mọ ilé wa ni? Ìyàwó, wọlé."

Èmi àti télọ̀ kó sí mọ́tò, ẹ̀gbọ́n mi sì wà á bí ẹni tó jí i gbé. Gbogbo kòtò tó rọra yẹ̀ lánàá ló bọ́ sí, mọ́tò kò sì wúkọ́ rárá. Lójú ọ̀nà, omirá tú sórí náílọ́ọ̀nù, obìnrin náà sì ń tọrọ àforíjì láàárín ìrora.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Gbàgbé mọ́tò, ìyàwó. Òun kọ́ ló ń rọbí."

Nílé ìwòsàn, kí oòrùn tó wọ̀, a gbọ́ igbe ọmọ. Obìnrin ni, ìyá rẹ̀ sì wà láàyè. Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. A kò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n mi ló ń kí tàbí mọ́tò. Nígbà tí àlùfáà dé lọ́jọ́ kejì, ó wo ẹrẹ̀ tó bo mọ́tò náà, ó ní ìdúpẹ́ nìkan ló kù.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tún ní kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn gbọ́ mọ́. Bí a bá bi í bóyá mọ́tò rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí a lọ bi ọmọ télọ̀. Èmi náà gbà pé iyì mọ́tò kò ju ẹni tó bá gbé dé ibi tó ń lọ.

Síbẹ̀, nígbà tí mo ra tèmi, n kò bọ́ náílọ́ọ̀nù rẹ̀ títí ó fi ya fúnra rẹ̀.