Ọkùnrin Onípáànù Ẹ̀yìnkùlé Wa

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn kòkó tí wọ́n sá sóòrùn, òórùn irin tí iná wẹ́dà ń jó ló máa ń tẹ̀lé e wá sí mi nímú. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjerò ni àwọn méjèèjì ti pàdé, lọ́dún tí mo gbé ìwé ẹ̀rí yunifásítì bọ̀ wálé, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo pinnu láti kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì kan tó ga tó èèyàn, irú èyí tí mo máa ń wò nínú fíìmù ní kékeré. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà, kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ẹni tó bá ti dé fìlà ìgboyè lẹ́ẹ̀kan máa ń rò pé kò sóhun tí òun kò lè ṣe.

Owó kò sí. Páànù tí ìjì ká kúrò lórí ilé ìdáná di àyà rẹ̀, àgbá tí a fi ń fín oògùn sí kòkó di ẹ̀yìn rẹ̀, páìpù omi di apá àti ẹsẹ̀. Orí ló kù. Ara ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti rí i.

Ọ̀kadà náà ni ẹ̀gbọ́n mi gùn lọ sí Àrámọkọ lásìkò òjò tó ṣáájú, tí ọkọ̀ agbégẹdú kan gbá a pa. Kò tíì gbéyàwó. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í rí ibojì ọmọ. Àwọn ọkùnrin ẹbí sáré lọ sin ín, wọ́n sì ní kí ìyá mi má béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Kò béèrè. Ọ̀rọ̀ ló dẹ́kun lẹ́nu rẹ̀, àfi “oúnjẹ wà nílẹ̀.” Ọ̀kadà tí wọ́n gbé bọ̀ wálé fara ti ògiri, ó ń dípẹtà, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo fi táǹkì epo rẹ̀ ṣe orí, mo fi iná iwájú rẹ̀ ṣe ojú kan ṣoṣo.

“Bọ̀ọ̀dá yunifásítì,” wẹ́dà tó ń bá mi jó irin náà pọ̀ bi mí, “ṣé yóò rìn?”

“Rárá.”

“Ṣé yóò ṣiṣẹ́?”

“Rárá.”

“A jẹ́ pé ipò kánsílọ̀ ló fẹ́ dù.”

Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu wa nígbà tí mo so bátìrì mọ́ ọn tí ojú náà tàn. Ìyá mi ń bọ̀ wá yí kòkó. Ó rí iná yẹn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ọmọ mi,” ó ní, “o ti dé ulé.”

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú irin yẹn, tí ó ń ròyìn fún un: òjò, kòkó, ikọ́ tó ń ṣe òun. Ohùn rẹ̀ tí a ti ń wá, irin ni ó ń bá sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó di olórí ẹbí lẹ́yìn ikú bàbá wa, fi dé.

“Ìwé tí a ní kí o lọ kà nìyí? O gbé òkú wálé.”

“Irin ni, bàbá.”

“Irin tí ìyá rẹ ń kí?” Ó ní kí n tú u, kí n gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ìyá mi dìde. “Bàbá, ẹ gbé ti àkọ́kọ́ lọ, mi ò rí i. Lójú mi ni ẹ máa sin èyí.”

Gbogbo àṣà ni bàbá àgbàlagbà náà mọ̀, ṣùgbọ́n àṣà kò sọ nǹkan kan nípa páànù. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú ọkọ́ wá. Abẹ́ igi ọsàn ni a gbẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè yọ bátìrì.

“Fi sílẹ̀,” ìyá mi ní. “Ó ṣókùnkùn níbẹ̀.”

Òun ló kọ́kọ́ da erùpẹ̀. Ojú náà ń tàn títí ilẹ̀ fi bò ó.

N ò ní purọ́ fún ọ pé ara rẹ̀ yá lẹ́yìn ìyẹn. Ikọ́ yẹn kò lọ, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì padà. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó máa ń lọ dúró sí. Mo kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì yẹn kí ará Ìjerò lè mọ̀ pé mo gbọ́n. Kò rìn, kò sọ̀rọ̀, kò gbé igbá ìbò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe láyé: ó jẹ́ kí wọ́n sin òun lójú ìyá mi.