Ọkùnrin Tó Wá Tún Ẹ̀rọ Ìsanwó Ṣe

Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pe obìnrin yìí ní Màmá Alákàn. Ìdí káńtà ilé ìtajà ńlá kan ló wà láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ náà sì ti wà nílé ọkọ báyìí. Tí o bá fún un lówó tó rún jù, á gbé e sókè síná, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, lẹ́yìn náà á wo ojú ìwọ fúnra rẹ. Kì í ṣe pé ó burú. Kò kàn gba ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò bà gbọ́ ni.

Lọ́dún tí ìjọba fi kún owó orí ọjà, wọ́n yọ oògùn àti mílíìkì ọmọ ọwọ́ sílẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó orí lórí wọn mọ́. Gbogbo ẹ̀rọ ìsanwó ló gbọ́dọ̀ yí padà kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣe dé láàárọ̀ nìyẹn, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lábíyá.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń ṣí ẹ̀rọ yín."

"Nọ́ńbà mi? Ọkọ mi kú, kò mọ nọ́ńbà yẹn."

"Èmi náà ò fẹ́ mọ̀ ọ́n, mà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, màá kọjú sógiri."

Ó kọjú sógiri lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló ba Màmá Alákàn lẹ́rù. Olè tó mọ̀wà á hù ló ń kó ilé gbẹ.

Ó mú àkísà, ó dúró ti ọkùnrin náà, ó ń nu ojú kan ṣoṣo lórí káńtà títí ibẹ̀ fi ń dán bíi dígí. Nígbà tí ọkùnrin náà parí, ó yọ fóònù, ó ya ojú ẹ̀rọ náà ní fọ́tò. Ó ya ti ẹlòmíràn, ó ya gbogbo wọn, ó sì gba ọ́fíìsì máníjà lọ. Màmá Alákàn yọ́ tẹ̀ lé e láti lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, àfi bó ṣe bá ilẹ̀kùn tí wọn kò pa dé tán, tó sì ń gbọ́ ohùn wọn.

"Gbogbo ẹ̀ ti pé, sà."

"O ṣé," máníjà dáhùn. "Ṣùgbọ́n dá owó orí padà sórí oògùn àti mílíìkì, ká máa rí i kó sápò. Ta ló ń ka rìsíìtì?"

"Tí àwọn olùyẹ̀wò bá dé ńkọ́, sà?"

"Ṣebí àwọn obìnrin ìdí káńtà ló ń tẹ ẹ̀rọ? A ó ní wọ́n ṣì í tẹ̀ ni. Màmá Alákàn ti darúgbó, ta ló máa jiyàn?"

Obìnrin náà sún mọ́ ilẹ̀kùn sí i. Máníjà tó ń béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀ lójoojúmọ́!

"Mi ò lè ṣe é, sà," ọkùnrin náà fèsì. "Mo ti ya fọ́tò bí mo ṣe fi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe níbi gbogbo nìyẹn."

Màmá Alákàn ti ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Arúgbó náà rèé."

Máníjà fi ẹ̀rín bojú. "Àwàdà là ń ṣe, Màmá."

"Àwàdà yín dùn. Ẹ jẹ́ n lọ sọ fáwọn tó kù, kí wọ́n bá wa rẹ́rìn-ín."

Ó sì lọ sọ fún wọn. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, kò sẹ́ni tí kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tún fọwọ́ kan ohun tí ọkùnrin náà ṣe.

Màmá Alákàn sin ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ mi, olè ni mo pè ọ́ nínú mi."

"Kò síbi tí mo dé tí wọn kì í pè mí bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ sójú mi."

Nígbà tó ṣe, máníjà ránṣẹ́ pe Màmá Alákàn. Ó fẹ́ fi í ṣe olórí gbogbo ìdí káńtà, pẹ̀lú ọ́fíìsì tirẹ̀. Màmá Alákàn dúpẹ́, ó kọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé figbe ta.

"Ṣé orí ẹ pé? Wọ́n gbé àga fún ẹ, o ní o fẹ́ wà lóòró?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá jókòó sí àga yẹn ni yóò máa fọwọ́ sí gbogbo nǹkan, òun náà ni wọ́n máa mú tí àwọn olùyẹ̀wò bá dé. Ẹ bá mi bi máníjà, kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí ló rí i pé mo mọṣẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n pòṣé, ó wọ yàrá lọ. Màmá Alákàn padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Máníjà ń kí i, ó ń dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, kò sì sí èyí tó ń kọ ẹ̀yìn sí èkejì nínú àwọn méjèèjì.