Ìṣirò Òògùn ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọdé

Sìdíkátù Ọláníyan ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn àdáni kan ní Ìpájà. Jórinjórin ni bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ohun tí bàbá yìí mọ̀ nípa iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ kò ju pé ó máa ń jẹ́ kó gbàgbé oúnjẹ.

Ètò kan ti wà nílẹ̀ kó tó débẹ̀, tó ń ṣírò ìwọ̀n òògùn fún aláìsàn yòówù tó bá wọlé. Ìṣirò àgbàlagbà ló ń ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, wọ́n ní kí Sìdíkátù ṣe tiwọn. Ó kọ ètò tuntun tó jogún ti àtijọ́, bí ọmọ ṣe ń jogún bàbá, ó wá kọ ìṣirò tí yóò rọ́pò ti ètò bàbá, ìyẹn ti àtijọ́, sínú rẹ̀: bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni òògùn rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ìṣirò ti bàbá ń gba aláìsàn èyíkéyìí. Sìdíkátù ní kí tòun máa gba ọmọdé nìkan. Wọ́ọ̀dù ọmọdé kúkú ni. Ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ kan tí ibà ń dà láàmú wá, Testimony lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Agnes Ọdẹ́tọ́lá, ará Oǹdó tí irun rẹ̀ ti ń funfun, wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún un wò. Ó fi ọwọ́ ṣírò tirẹ̀, ó fún ọmọ náà ní ìwọ̀n tó yẹ ẹ́, ó sì pe Sìdíkátù lórí fóònù.

"Sìdí, òògùn tí kọ̀ǹpútà rẹ ní kí n fún ọmọ ọwọ́ yìí, bàbá rẹ̀ ló yẹ kó mu ún."

"Yéè! Ṣé ẹ ti fún un, mà?"

"Orí mi ò dàrú jàre. Máa bọ̀."

Sìdíkátù dé wọ́ọ̀dù, ó bá Testimony tó ń sùn lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Kò lè wo ojú ìyá náà. Ó padà sídìí iṣẹ́, ó ka ohun tó kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí àṣìṣe kankan. Ló bá pe Wàsíù, ọ̀gá rẹ̀.

"Fi àmì ìrọ́pò sórí ìṣirò yẹn, kí kọ̀ǹpútà wò ó bóyá ó ń rọ́pò ti bàbá lóòótọ́," Wàsíù ní.

Ó fi í sí i. Kíá ni kọ̀ǹpútà kọ̀: ó ní kò sí ohun tí èyí ń rọ́pò lára bàbá.

"Ṣé o rí i?" Wàsíù fa àga jókòó. "Aláìsàn èyíkéyìí ni bàbá ń gbà. Ìwọ dín in kù sí ọmọdé. Kọ̀ǹpútà wá kà á sí ìṣirò ọ̀tọ̀ tó kàn ń jẹ́ orúkọ kan náà. Aláìsàn ṣá ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó bá wọlé lẹ́nu ọ̀nà, torí náà ti bàbá ló ń mú."

"Nígbà tí mo dán an wò ńkọ́, sà?"

"Ìwọ fúnra rẹ lo pè é ní ọmọdé nígbà yẹn."

Sìdíkátù tún un kọ. Ìṣirò tirẹ̀ ń gba aláìsàn èyíkéyìí báyìí, bíi ti bàbá; inú rẹ̀ ló ti ń wò ó bóyá ọmọdé ni. Lẹ́yìn náà ló lọ bá ìyá Testimony, ó sọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ fún un.

Obìnrin náà bi í léèrè: "Ta ló rí i?"

"Nọ́ọ̀sì Agnes ni, mà."

Ìyá náà dìde, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ wá nọ́ọ̀sì náà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.