Yìnyín Ìkórè

Nígbà tí ìyá mi bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì ní Ìlíṣàn, mo ní yìnyín ni. Ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí n ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò ni mò ń ṣe. Àwọn kan lókè òkun ló ń mú kí omi dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ tójú kì í rí sí i, wọ́n á fi àbájáde ránṣẹ́. Èmi á wá ṣírò bí yìnyín náà ṣe ń mú kí ìmọ́lẹ̀ yà kúrò lọ́nà, àti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé mì.

Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́nnẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, láptọ́ọ̀pù léjìká. Àwọn ìyá ìjọ dúró ti báàfù mínírà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ọ̀kan wo ẹ̀yìn mi, ó ní, “Yìnyín dà?” Ìyá mi ti ní kí wọ́n má ra yìnyín, pé ọmọ òun ló ń ṣe é.

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé nípa ìmọ́lẹ̀ àti yìnyín náà. Kí n tó mọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ. Wọ́n ń mi orí sí mi bí ẹni ń bẹ aláìsàn wò.

Ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ìmọ́lẹ̀ yẹn, ṣé o máa ń rí i?”

“Rárá, mà.”

“Yìnyín ọ̀hún ńkọ́, o ti fọwọ́ kàn án rí?”

“Rárá, mà.”

Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó kọjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ẹ má bínú,” ó ní, “kò tíì dì ni.”