Ẹ̀yìn Tí Kì Í Kanlẹ̀

Ìyàwó mi kì í fi ẹ̀yìn sùn. Ní ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, mo rò pé ooru Ajah ló fà á. Ó máa ń dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, apá kan lábẹ́ àyà, bí ẹni tó fẹ́ dìde sáré. Bí mo bá gbìyànjú láti yí i padà lójú oorun, ọrùn rẹ̀ á le, ìgúnpá rẹ̀ á sì wá mi kàn. Ó fọ́ mi létè lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tó rí ètè náà, ó ní, "Injiníà, ta ló lù yín?"

Ó ti kú báyìí. Àwọn tó wá kí mi nílé wa ní Thomas Estate ń sọ̀rọ̀ nípa agbára ọwọ́ rẹ̀ àti àwọn ife ẹ̀yẹ tó wà lórí pẹpẹ. Mo ń dá wọn lóhùn, mo ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń rántí.

Etíkun Ìbẹ̀jú ni wọ́n bí i sí, kò jìnnà sí ibi tí èbúté ńlá wà lónìí. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá fa àwọ̀n tán, àwọn ọ̀dọ́ á máa ja gídígbò lórí iyanrìn, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ kó máa bá àwọn ọkùnrin jà. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan iyanrìn ti ṣubú, kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìjàkadì orí máàtì, tó sọ ọ́ di ọ̀gá gbogbo obìnrin oníjàkadì nílẹ̀ yìí, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Bí wọ́n bá ti tẹ èjìká rẹ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó parí. Láti kékeré ni ara rẹ̀ ti mọ̀ pé bí o bá ṣubú, kíá ni kí o yí padà, kí o fi ikùn bo ilẹ̀. Kò ronú nípa rẹ̀ mọ́, bí ènìyàn kì í ti í ronú kó tó ṣẹ́jú.

Nígbà tí àwọn ọmọdébìnrin tó yára jù ú lọ bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kúrò lórí máàtì, ó bọ́ sínú ìjà àgò. Bàbá rẹ̀ ń pè é ní àgò adìyẹ. Wọ́n á ti ènìyàn méjì mọ́ inú àgò onírin, ẹ̀ṣẹ́ ni, ìpá ni, orúnkún ni, kí o fún ènìyàn lọ́rùn, kí o ṣẹ́ ẹ lápá, gbogbo rẹ̀ ló bófin mu. Ẹni tí kò bá lè fara dà á mọ́ á fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ tàbí ara ẹni tó mú un, rẹfirí á sì là wọ́n.

Gbọ̀ngàn kan ní Lekki ni ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́ ti wáyé. Èmi àti bàbá rẹ̀ jókòó síwájú. Ọmọbìnrin gíga kan, tẹ́ẹ́rẹ́, tó di irun rẹ̀ mọ́ orí pinpin, ni wọ́n fi kojú rẹ̀. Ìyàwó mi gbé e sókè bí àpò ìrẹsì, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ tí àgò fi mì. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ la ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ṣẹ́ kan bá òun náà ní àgbọ̀n, ó sì ṣubú sẹ́yìn. Kò tíì balẹ̀ tán tó ti yí padà, tó fi ikùn bolẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe létíkun.

Ohun tí ọmọbìnrin náà ń dúró dè nìyẹn. Ó gùn ún lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá a mú níkùn, ó ti apá bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó sì fún un. Mo rí ojú ìyàwó mi tó ń pupa, lẹ́yìn náà tó ń dúdú. Ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, kò fi gbá nǹkan kan. Ojú rẹ̀ yí sókè, itọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ kí rẹfirí tó là wọ́n. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Àna mi, ẹ rí i. Ẹ̀yìn ẹ̀ ò kanlẹ̀."

Ó fi ń yìn ín ni. Mo wo bàbá náà, mo sì wo ọmọ rẹ̀ tó nà gbọọrọ pẹ̀lú ìtọ̀ ní ṣòkòtò.

Lẹ́yìn ìjà yẹn, funfun ojú rẹ̀ méjèèjì pupa bí ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ sin ín. Ó ní kí n jẹ́ kí òun tún bá ọmọbìnrin yẹn jà lẹ́ẹ̀kan. "Bí ó bá tún fún mi lọ́rùn tí mo sùn, mo fi ìjà sílẹ̀. Mi ò ní jà mọ́, mi ò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni." Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù láti sọ, nítorí ó ti rí ilé kan sílẹ̀ ní Awoyaya tó fẹ́ sọ di jíìmù fún àwọn ọmọbìnrin. Mo gbà. Kí n sọ òótọ́, mo rò pé yóò pàdánù, pé yóò sì wá sinmi nílé.

Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ nínú jíìmù kan ní Ajah mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó jókòó sí i láyà, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a létí àti lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí ó bá ti yí padà, ọ̀gá á fún un lọ́rùn títí á fi gbá ilẹ̀, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi sunkún lórí máàtì yẹn. Ọ̀gá sọ fún un pé, "Iwájú rẹ ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ wà. Kí lo fẹ́ fi ẹ̀yìn rẹ jà?"

Ó gbé iṣẹ́ náà délé. Ó ká rọ́ọ̀gì pálọ̀, ó dùbúlẹ̀, ó ní kí n wá jókòó sórí òun. Mo sanra nígbà yẹn. Mo jókòó, mo sì ń gbá a bí ó ti ní kí n ṣe. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni obìnrin aládùúgbò wa tó ń lọ ìjọ aláṣọ funfun dé láti ìsìn, láìwọ bàtà, ó sì yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde lórí ọmọ ọlọ́mọ."

Ìyàwó mi dáhùn láti abẹ́ mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán níhò imú rẹ̀. "Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ gbá mi."

"Mo ti ríran sí ilé yìí tipẹ́," ni obìnrin náà wí.

"Màmá, iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́ wo nìyẹn? Ta ló gbà ẹ́ síṣẹ́?"

Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń gbàdúrà. Ẹ̀rín ń pa mí, mo ń lu ìyàwó mi, ojú sì ń tì mí. Ọjọ́ yẹn ni kò yí padà rárá.

Nígbà tí wọ́n pe àwọn méjèèjì láti wọn ara wọn lórí òṣùwọ̀n ṣáájú ìjà, ọmọbìnrin gíga náà rẹ́rìn-ín sí i. "Àǹtí, ṣé ẹ ti sùn tó?"

"Mo ti jí," ni ìyàwó mi wí. "Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè ẹ́."

Ìjà náà le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n fi orúnkún gún ara wọn ní ìhà. Ìgúnpá kan la iwájú orí ìyàwó mi, ẹ̀jẹ̀ dà bò ó lójú, ó ń fi ọwọ́ nù ún kó lè ríran. Ìpá kan wá gbá a lẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ṣubú sẹ́yìn, ọmọbìnrin náà sì fò mọ́ ọn. Mo rí èjìká rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo rí i tó dúró.

Ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀. Gbogbo rẹ̀, láti èjìká dé ìbàdí.

Bàbá rẹ̀ mú fìlà rẹ̀ lórí ìtan, ó dìde. "Ó ti tán. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Bàbá, ẹ jókòó," ni mo wí, mo di aṣọ rẹ̀ mú. Mi ò dì í láṣọ mú rí.

Ẹ̀ṣẹ́ ń rọ̀ lé e lójú bí òjò. Eyín rẹ̀ kan jáde. Ó ń wo òkè, ó ń mí, ó ń dúró. Nígbà tí ọmọbìnrin náà na ọwọ́ kan jù, ìyàwó mi gbá a mú lọ́rùn ọwọ́, ó sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kọjá ojú ọmọbìnrin náà, ó na apá náà gbọọrọ mọ́ àyà ara rẹ̀, ó sì gbé ìbàdí sókè. Ọmọbìnrin náà lágídí bí òun náà ti lágídí tẹ́lẹ̀. Kò gbá ilẹ̀. Ìgúnpá rẹ̀ dún bí ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ́ fún ìdáná. Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ. Apá náà tẹ̀ sí ibi tí apá kì í tẹ̀ sí, igbe sì gba ibẹ̀.

Bàbá jókòó padà. Ó ní, "Ilẹ̀ ló ti jà?"

"Ilẹ̀ ni, Bàbá."

"Nínú àgò adìyẹ," ni ó wí, ó sì dé fìlà rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó sùn lórí rọ́ọ̀gì pálọ̀ pẹ̀lú ojú tó wú, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń hanrun tí mi ò fi gbọ́ rédíò. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń hanrun. Mo máa ń ṣàròyé nípa rẹ̀.

Ó ṣí jíìmù rẹ̀ ní Awoyaya. Mo máa ń lọ mú un níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo sì máa ń bá a lórí àyà ọmọbìnrin kan tó ti orí máàtì ìjàkadì wá, tó ń jà bí ẹja láti yí padà. Á máa gbá a, á máa sọ fún un ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ ò ní jẹ ọ́." Àwọn kan sá lọ, wọn ò padà wá. Àwọn tó kù lágbára púpọ̀.

Àìsàn jẹjẹrẹ inú ló pa á, kì í ṣe ìjà. Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n fi rọ́bà tó ń fa omi sí i níhà, nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kó má yí padà o, pé òun mọ̀ pé kò rọrùn.

"Má ṣèyọnu," ni ìyàwó mi wí. "Iṣẹ́ mi nìyẹn." Ó wá wò mí. "Injiníà, ẹ wá jókòó sí mi láyà."

Nọ́ọ̀sì náà wò wá. Kò sí ẹran mọ́ lára rẹ̀, mo lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti ibi tí mo dúró. Mo fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì gbé ọwọ́ mi lé e láyà. Ìrora náà dé, mo rí i lójú rẹ̀ àti ní ọrùn rẹ̀ tó le, ó sì tún dé. Mo tẹ ọwọ́ mi mọ́ ọn díẹ̀.

Kò yí padà.