Ọjọ́ Tí Mo Di Akéwì Àwọn Ará Bẹ̀ngálì

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí bí mo ṣe dúdú tó. Síbẹ̀, nínú fíìmù kan tí wọ́n yà ní Chicago ní àwọn ọdún 1980, èmi ni akéwì ńlá tí gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀ngálì fi ń yangàn.

Ọ̀rẹ́ mi kan, apòògùn ní ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ló ń ya fíìmù náà. Ọmọ Bẹ̀ngálì ni. Mo jù ú lọ dáadáa, mo sì ti kọ́ ọ láti máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Àìsàn gbé ẹni tó yẹ kó ṣe akéwì dè. Ọ̀rẹ́ mi wá ń wo irùngbọ̀n mi tó gùn dé àyà, bí ẹni tébi ń pa ṣe ń wo àkàrà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí."

"Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Ta ló máa rí mi tó máa ní ará Bẹ̀ngálì ni mí?"

"Òjìji yín nìkan la máa yà, lára ògiri."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni òjìji gbogbo wa."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Park Forest, nítòsí Chicago, ó ta aṣọ bo fèrèsé, ó tan iná kan ṣoṣo sẹ́yìn mi. Ìyá rẹ̀, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló máa ṣe arúgbó tó wá kí akéwì. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni ńlá nílẹ̀ wọn.

"Ẹ má mira o! Fíìmù tó kù nínú kámẹ́rà ò ju ti ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí èyí bá bàjẹ́, mi ò ní òpin fíìmù mọ́."

Mo gbé àgbọ̀n sókè, mo jókòó bí ọba. Màmá wọlé jẹ́jẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ bí eegun orúnkún wọn ṣe ró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó lè bí mi lọ́mọ, kó wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi? Kí n tó ronú, mo ti fò kúrò lórí àga, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, ẹ̀wù akéwì ká dé itan mi.

"Ẹ̀gbọ́n!"

Kámẹ́rà dákẹ́. Fíìmù ti tán. Màmá nu ojú, wọ́n sọ nǹkan kan lédè wọn, ọ̀rẹ́ mi ò sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo wakọ̀ padà sílé pẹ̀lú ìtìjú.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá bá mi ní wọ́ọ̀dù, ojú ẹ̀ pọ́n.

"Màmá ní bí mo bá gé ibẹ̀ kúrò, kí n lọ wá ìyá míì. Wọ́n ní irú akéwì wo ni ò ní dọ̀bálẹ̀ fún arúgbó? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n. Òpin fíìmù mi nìyẹn. Màmá ti fún mi lówó fíìmù míì. Ó wá ku ibi tí òjìji akéwì ti ń rìn lórí yanrìn létí adágún. Ṣé ẹ ráyè lọ́jọ́ Sátidé?"

Mo lọ bá ọ̀gá wa, ìyáàgbà aláwọ̀ dúdú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, pé mi ò ní lè wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe?"

"Èmi ni akéwì ńlá àwọn ará Bẹ̀ngálì."

Ó wò mí láti irùngbọ̀n dé bàtà. Ó mú bírò, ó fi ìlà kan pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìwé iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé.